Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa wíwo ẹyẹ létí Lake Michigan nígbà spring

Gbogbo ọdún, tí April bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí WhatsApp ẹbí, lẹ́nu àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru. Mo wá kó wọn jọ síbí kẹ́ ẹ lè kà á fúnra yín. Chicago ni mò ń gbé, Montrose Point létí Lake Michigan ni mo sì máa ń lọ jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi dá lé ibẹ̀.

Kí lẹ tiẹ̀ ń lọ wò níbẹ̀ gan-an?

Ẹyẹ ni, ẹyẹ tó ń ti ìrìn àjò bọ̀. Àwọn ẹyẹ kan wà tó jẹ́ pé òkè lọ́hùn-ún, ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń yé ẹyin tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ, àmọ́ tí òtútù bá ti fẹ́ dé tí kòkòrò ò sí mọ́, wọ́n á kó lọ sí Mẹ́síkò, Kúbà, Kòlóńbíà, àwọn mìíì ń lọ títí dé Bùràsíìlì. Tí spring bá dé, ìyẹn ìgbà tí òtútù bá ń lọ, wọ́n á tún gbéra, wọ́n á máa padà bọ̀. Àwọn tó ń padà bọ̀ yẹn la máa ń lọ pàdé lọ́nà.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní warbler ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí ẹ̀ jí. Wọ́n kéré, ẹyọ kan á dúró sínú àtẹ́lẹwọ́ yín tí kò ní kún un, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó wà lára wọn pọ̀, pupa rúsúrúsú, búlúù, dúdú, òmíì pọ́n bí ìyeyè tó ti jinná. Irú wọn tó ju ọgbọ̀n lọ ló ń gba Chicago kọjá nígbà spring.

Ṣé ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé wa ò tó wò ni?

Ó tó o, kódà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Robin, cardinal, ológoṣẹ́ tó wà káàkiri ìgboro, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń ké, torí ẹni tó bá ti mọ ará ilé ló máa tètè dá àlejò mọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ etí omi?

Òru ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké máa ń fò. Afẹ́fẹ́ máa ń tutù lóru, ó máa ń rọlẹ̀, àṣá ò sì sí lókè láti gbé wọn. Tí ilẹ̀ bá wá ń mọ́, àwọn kan á rí i pé orí omi làwọn wà, Lake Michigan ọ̀hún sì gùn ju 300 máìlì lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi lásán ni, kò sí ẹ̀ka igi kan tí wọ́n lè bà lé. Ni wọ́n á bá yí padà sí ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti rí ewé. Ìgboro Chicago wá jẹ́ ilé àti títì lọ rẹrẹẹrẹ, páàkì etí omi ló kù fún wọn.

Montrose Point yọ sínú omi bí ìgbà téèyàn na apá jáde, igi sì wà lórí ẹ̀. Ọ̀wọ́ igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Magic Hedge. Láyé ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń wo ara wọn bí ọ̀tá, àwọn sójà ní ibùdó mísáìlì níbẹ̀, igi honeysuckle tí wọ́n gbìn nígbà yẹn ló di ilé àlejò ẹyẹ lónìí. Sójà ti kó lọ láti àwọn ọdún 1970, igi ò kúrò. Irú ẹyẹ tó ju 300 lọ ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé àwọn rí ní Montrose nìkan, ilẹ̀ tẹ́ ẹ lè rìn yí po kẹ́ ẹ tó jẹ búrẹ́dì yín tán.

Oṣù wo ló dáa jù?

Láti March títí wọ inú June ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ kan náà. Ní March, pẹ́pẹ́yẹ igbó oríṣiríṣi ló máa wà lórí omi, ẹ máa gbọ́ tí sandhill crane ń ké lókè réré tí wọ́n ń kọjá lọ, ọrùn wọn á na gbọọrọ. April ni ti àwọn àkókó àti ti kinglet, ẹyẹ tí kò wúwo tó owó ẹyọ nickel (sẹ́ńtì márùn-ún) méjì. Tẹ́ ẹ bá ní ààyè kan ṣoṣo, ẹ fi í sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú May. Ìgbà yẹn ni warbler ń ya wọlé, pẹ̀lú oriole àti tanager tó pupa fòò bí aṣọ àlàárì. Tó bá di ìparí May, èyí tí wọ́n ń pè ní blackpoll ló máa ń gbẹ̀yìn, tí ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀ káàkiri, ẹ mọ̀ pé ó ti fẹ́ tán nìyẹn.

Aago mélòó ni kí n débẹ̀?

Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Ebi ń pa wọ́n lásìkò yẹn, wọ́n ti fò mọ́jú, gbogbo wọn ló ń wá kòkòrò jẹ. Tó bá di aago mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ti dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, tẹ́ ẹ bá ti jáde lẹ́nu iṣẹ́ ẹ yà síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sùn, bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Kí ni kí n wọ̀, kí ni kí n mú dání?

Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo oòrùn tó ràn ládùúgbò ẹ̀ kó wá wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá síbí. Omi yẹn ṣì tutù bíi yìnyín nínú May, tí atẹ́gùn bá ti ń ti orí ẹ̀ fẹ́ wá, òtútù etí omi á ju ti inú ìlú lọ dáadáa. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, ọwọ́ mi kú débi pé mi ò lè yí bínókúlà mọ́, mo sì kúrò níbẹ̀ nígbà tó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wò. Fìlà, ìbọ̀wọ́, bàtà tí ìrì ò lè wọ̀, tíì gbígbóná nínú fúlááṣì.

Bínókúlà ni irinṣẹ́ kan tẹ́ ẹ nílò lóòótọ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára: 8 yẹn ni iye ìgbà tó ń fa nǹkan sún mọ́ yín, 42 ni bí ojú iwájú ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ní mìlímítà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 12 tàbí 20 fún yín, ẹyẹ kékeré kì í dúró, tí nǹkan bá sún mọ́ jù ọwọ́ yín á máa gbọ̀n, ẹ ò sì ní rí ibi tó wà. Ẹ lè ra tòkunbọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀? Ṣé wọ́n ń gbowó?

Wọn kì í gbowó wíwọlé. Tẹ́ ẹ bá ń wa mọ́tò, Lake Shore Drive ni, ẹ yà ní Montrose kẹ́ ẹ máa lọ sí ọ̀nà omi, àmọ́ ẹ ka àmì tó wà níbi tẹ́ ẹ máa páàkì sí dáadáa. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin, Red Line ni, ẹ sọ̀ ní Wilson, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sápá ìlà oòrùn, bí ìdajì wákàtí ni. Ẹ mú ọmọ wá, ẹ̀rù kọ́ ló ń ba àwọn ẹyẹ yìí tó bẹ́ẹ̀, sísáré àti jíju òkò nìkan ni wọn ò fẹ́.

Mo gbé bínókúlà sójú, ewé nìkan ni mò ń rí. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?

Gbogbo wa la bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ẹ má fi bínókúlà wá ẹyẹ. Ojú lásán ni kẹ́ ẹ fi wá a, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ wá ewé tó mì nígbà tí àwọn yòókù ò mì. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ má wo ilẹ̀, ẹ má wo bínókúlà, ẹ tẹjú mọ́ ẹyẹ yẹn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kẹ́ ẹ wá gbé bínókúlà wá bá ojú yín. Ẹ fi ẹyẹlé dánra wò lójú fèrèsé nílé fún ọjọ́ méjì, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ tí òtútù bá mú gan-an, ẹ ò tiẹ̀ nílò ẹ̀. Kòkòrò kì í fò lókè nígbà náà, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wà, ẹyẹ náà á sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko kan báyẹn lọ́jọ́ kan nínú May, Blackburnian warbler kan ń ṣa kòkòrò bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé iwájú bàtà mi. Ọ̀fun ẹ̀ pọ́n bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ó mú kòkòrò kan lẹ́bàá okùn bàtà mi, ó gbé e mì, ó gbọn ìyẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí omi ìrì tó ta síra awọ bàtà náà. Mi ò mí títí tó fi kọjá.

Báwo lẹ ṣe ń mọ orúkọ gbogbo wọn?

Ápù kan wà tó ń jẹ́ Merlin, Cornell Lab, ilé ìwádìí ẹyẹ ní Yunifásítì Cornell, ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ó lè gbọ́ ohùn ẹyẹ kó sì sọ fún yín ẹyẹ tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Ó dáa gan-an fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó máa ń ṣì í, torí náà tó bá dárúkọ nǹkan, ẹ wá a kẹ́ ẹ fojú yín rí i kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún èmi o, ìṣe ẹyẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kì í ṣe àwọ̀. Palm warbler máa ń mi ìrù sókè sílẹ̀ ṣáá. Redstart máa ń na ìrù ẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, fáàà, á tún pa á dé. Black-and-white warbler ní tiẹ̀ á máa rá lọ rá bọ̀ lára igi, ìlà dúdú ìlà funfun, á doríkodò láìjábọ́. Tẹ́ ẹ bá mọ ìṣe yìí, kódà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí àwọ̀ kankan, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ṣé wọ́n ní orúkọ Yorùbá?

Àwọn kan ní. Òwìwí, àṣá, àdàbà, pẹ́pẹ́yẹ, àkókó tó ń sọ igi, gbogbo wọn ni ìbátan wọn wà níbí. Alápàáńdẹ̀dẹ̀ tó ń jẹ́ barn swallow níbí, irú ẹyẹ kan náà ni pẹ̀lú èyí tó ń ti Yúróòpù wá sí Nàìjíríà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn tí wọ́n ń sùn ní àìmọye lókè Boje ní Cross River. Ti ibí ń lọ sí South America ni, ti ọ̀hún ń wá sọ́dọ̀ wa. Warbler ibí ò ní orúkọ lédè wa, torí ẹni tó ń sọ Yorùbá ò bá wọn gbé láyé àtijọ́. Mo máa ń júwe wọn ni: ọlọ́fun epo, onílà, amìrù. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni lékeléke. Lékeléke wa yẹn gan-an, tá a máa ń na èékánná sí nígbà tá a wà lọ́mọdé pé kó fún wa ní funfun! Láti Áfíríkà ló ti fúnra ẹ̀ fò sọdá òkun dé South America ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1800, ó dé Florida nígbà tó di àwọn ọdún 1940, wọ́n sì bá ìtẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ní 1953. Ó máa ń fara hàn nítòsí Chicago náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò fi ọkọ̀ gbé e wá. Tí mo bá ń rò ó, inú mi máa ń dùn.

Mo jí, mo lọ, mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi lọ lọ́jọ́ kejì, ó rí ogún irú warbler. Kí ló fà á?

Atẹ́gùn ni. Ẹyẹ tó ń lọ sí àríwá ń fẹ́ kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn tì í, ìyẹn atẹ́gùn gúúsù. Lóru tí atẹ́gùn bá ń ti àríwá fẹ́, ọ̀pọ̀ kì í gbéra rárá, ibi tí wọ́n wà ni wọ́n á jókòó sí. Torí náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti wo ojú ọjọ́, kì í ṣe láàárọ̀.

Ọjọ́ tó máa ń pọ̀ jù ni ìgbà tí atẹ́gùn gúúsù bá gbé wọn bọ̀ ní òru, tí òjò tàbí atẹ́gùn àríwá wá pàdé wọn lójijì bí ilẹ̀ ṣe fẹ́ mọ́. Wọn ò ní lè tẹ̀ síwájú, wọ́n á rọ́ sórí igi etí omi bí ẹni pé wọ́n dà wọ́n sílẹ̀ látinú àpò. BirdCast náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rédà tí wọ́n fi ń wo òjò ni wọ́n fi ń ka ẹyẹ tó wà lókè lóru, á sọ fún yín bóyá wọ́n ń bọ̀.

Ṣé mo lè lu ohùn ẹyẹ lórí fóònù kó lè jáde wá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Tó bá gbọ́ ohùn yẹn, á rò pé ọ̀tá ló wọ àgbègbè òun, á pa oúnjẹ tì, á máa sáré kiri wá ẹni tí kò sí níbẹ̀. Blackpoll tí mo dárúkọ lókè yẹn, owó nickel mẹ́ta wúwo jù ú lọ, South America ló sì ti ń bọ̀. Ọ̀rá tó kù lára ẹ̀ ni epo mọ́tò ẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú tá a bá fi lé e kiri, a ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun kan náà ni pẹ̀lú wíwọ inú igbó lọ bá a nítorí fọ́tò, tàbí kéèyàn máa mi igi. Ẹ dúró lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun fúnra ẹ̀ ló máa wá.

Kí ni okùn tí wọ́n ta sórí yanrìn níbẹ̀?

Nítorí piping plover ni. Ẹyẹ kékeré kan tó jọ yanrìn, orí yanrìn gbalasa ló ń yé ẹyin sí, tẹ́ ò bá ṣọ́ra ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà ní agbègbè àwọn adágún ńlá yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láwọn ọdún 1980. Ní 2019, akọ kan àti abo kan tí wọ́n sọ ní Monty àti Rose wá yé ẹyin, wọ́n sì tọ́ ọmọ ní Montrose Beach, ó ti ju 60 ọdún lọ tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Chicago. Àríyá orin ńlá kan tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí bíìṣì yẹn lọ́dún náà, wọ́n fagi lé e nítorí wọn.

Monty kú ní May 2022, Rose ò padà wá lọ́dún yẹn. Imani ọmọ wọn, tó jáde nínú ẹyin níbẹ̀ ní 2021, ló ń padà wá sí etí omi kan náà, dá nìkan wá ní àkọ́kọ́, títí tó fi rí aya ní 2024 tí wọ́n sì bímọ. Ìgbàgbọ́ ni Imani túmọ̀ sí ní èdè Swahili. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí okùn yẹn, ẹ má fò ó, ẹ má sì tú ajá sílẹ̀ nítòsí ẹ̀.

Mo rí ìyẹ́ tó rẹwà nílẹ̀. Ṣé mo lè mú un lọ sílé?

Rárá. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1918 tó ń dáàbò bo ẹyẹ arìnrìn-àjò, ìyẹ́, ẹyin, ìtẹ́, gbogbo ẹ̀ ló kó pọ̀, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀ lẹ ti hẹ ẹ́. Ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Mo bá ẹyẹ kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onígíláàsì, kò tíì kú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wá àpò pépà tàbí páálí kékeré, ẹ rọra fi ọwọ́ gbé e sínú ẹ̀, ẹ pa á dé kó ṣókùnkùn, kí atẹ́gùn sì lè wọlé. Ẹ má fún un ní omi, ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má máa ṣí i wò. Ẹ pe àwọn Chicago Bird Collision Monitors, àwọn ló ń rìn káàkiri àárín ìlú láàárọ̀ kùtù láti kó irú wọn lọ tọ́jú.

Gíláàsì ń pa ẹyẹ lọ́nà tó ń dùn mí gan-an. Iná ìlú á fà wọ́n wálẹ̀ lóru, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á rí àwòrán igi nínú gíláàsì, wọ́n á fò lọ síbẹ̀. Ní October 2023, ní ilé ńlá kan ṣoṣo, McCormick Place, ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n lẹ àmì tó-tò-tó mọ́ gíláàsì ilé náà, ikú ibẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gidi gan. Ẹ̀yin náà lè lẹ irú ẹ̀ mọ́ fèrèsé yín níta, kí àlàfo tó wà láàárín àmì méjì má ju ínǹṣì méjì lọ, torí ẹyẹ ò ní gbìyànjú láti gba ibẹ̀. Kẹ́ ẹ sì pa iná tẹ́ ò lò lóru nínú May àti nínú September.

Èèyàn dúdú ni mí. Tí mo bá gbé bínókúlà dúró sínú igbó láago márùn-ún àárọ̀, ṣé wọn ò ní pe ọlọ́pàá sí mi?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré rárá. Ní May 25, 2020, ní Central Park ní New York, Christian Cooper ń wo ẹyẹ tiẹ̀, ó ní kí obìnrin òyìnbó kan so ajá ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òfin ibẹ̀ ṣe wí, obìnrin náà pe ọlọ́pàá pé ọkùnrin dúdú kan ń halẹ̀ mọ́ òun. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sígbà yẹn làwọn ọ̀dọ́ dúdú tó ń ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dá Black Birders Week sílẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe é.

Ní Montrose, tó bá jẹ́ May, èèyàn máa ń pọ̀ níbẹ̀ láti kùtùkùtù, gbogbo wọn ló gbé bínókúlà kọ́rùn. Mo máa ń kí wọn, mo máa ń bi wọ́n pé kí lẹ ti rí, wọ́n á sì fi hàn mí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi tó dá, ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ jẹ́ kí bínókúlà wà láyà níta tí gbogbo èèyàn á rí i. Inú ń bí mi pé àwa la ní láti máa ro irú èyí. Mi ò tìtorí ẹ̀ jókòó sílé.

Tí mo bá fẹ́ wo ẹyẹ nígbà tí mo bá lọ Nàìjíríà ńkọ́?

Ẹ lọ nígbà òtútù ibí, torí láti bíi September sí April làwọn arìnrìn-àjò ti Yúróòpù máa ń wà lọ́dọ̀ wa. Ní Èkó, Lekki Conservation Centre. Ní Ìbàdàn, igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, àmọ́ ẹ gba àyè kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ibadan malimbe, ìbátan ẹ̀gà, dúdú tó lé pupa sórí àti àyà, ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Mi ò tíì rí i. Ó wà lọ́kàn mi.

Mo rí òwìwí nínú igi. Ẹ̀rù bà mí, ṣé kì í ṣe ẹyẹ àjẹ́? Ṣé kí n gbé fọ́tò ẹ̀ síta?

Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ohun táwọn àgbà ilé yín sọ fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èyí tẹ́ ẹ rí ní Montrose ní March tàbí April, òun náà ń rìnrìn àjò bíi tàwọn yòókù, eku ló ń jẹ, ojú ọ̀sán ló sì fi ń sùn. Èyí tí mo rí gbẹ̀yìn di ojú ẹ̀ méjèèjì pinpin, ó fún ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ ara igi títí ó fi jọ kùkùté, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Fọ́tò yẹn, ẹ má gbé e síta lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì sọ igi tó wà. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ogójì èèyàn á ti dé abẹ́ ẹ̀ kó tó di ọ̀sán, á jí, á fò jáde lójú mọmọ, àwọn ẹyẹ crow á sì dìde sí i, wọ́n á lé e dé orí omi. Warbler tó wà lójú ọ̀nà ẹ lè sọ, ẹ lè pariwo ẹ̀ dáadáa. Òwìwí tó ń sùn àti ìtẹ́ tó ní ẹyin nìkan ni mo máa ń dákẹ́ lé. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ máa lọ.